Ọwọ́ Aláró Nílé Tíṣà

(Ìró agogo, ẹ̀ẹ̀mẹta.)

Ẹ̀yin tí ẹ gbé rédíò sójú fèrèsé ilé ìdáná, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọbẹ̀ jóná nítorí tèmi. Agogo tí ẹ gbọ́ yẹn kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ rédíò. Èmi ni mo gbé e wá láti ilé. Agogo onídẹ ni, igi ni wọ́n fi ṣe ọwọ́ rẹ̀, igi náà sì ti ń mì nínú ihò rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Òun ni bàbá wa fi ń jí ẹni mẹ́tàdínlógún lójoojúmọ́ ní aago márùn-ún ìdájí, ní àdúgbò Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta.

Ẹni mẹ́tàdínlógún, ẹ bá mi kà á. Ọmọ mẹ́sàn-án. Bàbá àti ìyá. Ìyá Àgbà tó bí bàbá wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wa mẹ́ta, tí wọ́n ní àwọn wá kàwé fún ọdún kan, tí wọn ò sì padà mọ́. Ọmọ iṣẹ́ méjì tó ń kọ́ aró lọ́wọ́ ìyá wa. Ó pé. Mi ò tíì ka àlejò o, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ tí àlejò kì í sùn nílé wa.

Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá wa, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyá wa náà, Tíṣà ló ń pè é. Ìyá Aláró ni wọ́n ń pe òun. Èmi ni Ìdòwú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí Yorùbá ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ ti mọ̀ báyìí pé àwọn ìbejì ló ṣáájú mi, ẹ sì ti mọ ohun tí wọ́n máa ń pe irú wa. Tíṣà ò gbà kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ òun ní èṣù lẹ́yìn ìbejì nínú ilé onígbàgbọ́. Ìyá Àgbà á dúró kí Tíṣà jáde lọ sílé-ìwé, á wá pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta gbáko kó tó bu ògì fún mi.

Ní pálọ̀ la ti máa ń ṣe àdúrà ìdájí. Àwọn àgbà á jókòó lórí àga, àwa ọmọ á wà lórí ẹní, láńtánì kan á máa jó láàárín. Bíbélì mẹ́rin péré ló wà fún gbogbo wa, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì ka ẹsẹ kan. Ẹni tó bá ti gbé nírú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ọgbọ́n tí ọmọdé máa ń dá: mo máa ń ka orí àwọn ènìyàn tó ṣáájú mi, mo máa ń ka ẹsẹ, kí n lè mọ èyí tó máa kàn mí, kí n sì ti kà á nínú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bí àlejò kan bá wá ṣílẹ̀kùn yàrá lójijì, tó na ara, tó wá jókòó sáàárín wa, ìṣirò gbogbo wa dàrú nìyẹn. Ìyá Àgbà ò mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n bí o bá fo ẹsẹ kan kí o lè tètè parí, á ní, "Padà sẹ́yìn. O ti fi ẹnì kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà."

Bíbélì ilé wa yẹn kó mi sí wàhálà nílé-ìwé. Iṣẹ́ ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, tí wọ́n parí ní 1884, àkọtọ́ ayé àtijọ́ ló sì wà nínú èyí tó wà nílé wa: "enia", "aiye", "nyin", "obirin". Ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun tí gbogbo wa ń lò báyìí. Mo wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn ènìyàn mi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní ká kọ ọ́, mo kọ "ẹnyin enia mi", olùkọ́ wa fi báírò pupa kọ ìlà sí i látòkèdélẹ̀. Mo gbé ìwé náà wálé bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Tíṣà wò ó títí. Òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn ní àkọtọ́ tuntun yìí ní kíláàsì tirẹ̀. Ó ní, "Nílé-ìwé, ènìyàn ni. Lọ́dọ̀ Ọlọ́run, enia." Ó dá ìwé mi padà, ó ní kí n tún un kọ.

Ibi àdúrà ìdájí náà la ti kọ́ òǹkà. Ọmọ tó bá pẹ́ dé ibi àdúrà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òun ni yóò ka Orin Dáfídì kọkàndínlọ́gọ́fà sókè ketekete ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣeré lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ lọ ṣí i wò. Ẹsẹ mẹ́rìndínlọ́gọ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Mo kà á tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìbejì fi ń pè é ní orin Ìdòwú. Ọmọ tí wọ́n bá ní kó mú ẹsẹ wá látorí lójijì, tí ẹ̀rù sì bà á, ibì kan náà ni gbogbo wa máa ń sá lọ: Jòhánù orí kọkànlá, ẹsẹ ọlọ́rọ̀ méjì yẹn. Nígbà tó yá, Tíṣà ṣòfin pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè lò ó lọ́sẹ̀. A wá ń jà nítorí rẹ̀.

Orin ló ń pa wá lẹ́rìn-ín jù. Ohùn orin òyìnbó ni, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n tẹ̀ bọ̀ ọ́ nínú bí ẹni tẹ ẹrù bọ àpò tó kéré. Ọ̀rọ̀ á fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, orin á fà á gòkè. Bí ọkọ ṣe ń di ọkọ́ nìyẹn, tí ẹ̀gbọ́n mi onídùùrù á máa fi tìkà-tẹ̀gbin tẹ̀ ẹ́ lọ, tí àwa á sì di ẹnu mú. Ìyá Àgbà kì í bá wa lọ síbẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ lòun ń tẹ̀lé. Bí ọ̀rọ̀ bá ní kóun sọ̀ kalẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, kí dùùrù máa lọ sókè ọ̀hún. Ó ní òun ò lè torí òyìnbó sọ ohun tí kò sí lọ́kàn òun fún Ọlọ́run. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé àlùfáà kan ti gbọ́ ohun tí Ìyá Àgbà ń gbọ́, ní ìlú wa níbí: Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, tó fi ohùn ilẹ̀ yìí kọrin ìyìn, tí wọ́n sì gba orin rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Mo rà díẹ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n tún ṣe, mo gbé e lọ fún ìyá mi. Ó gbọ́ ọ, ó ní, "Ìyá Àgbà rèé."

Ṣùgbọ́n èyí tó gbé mi dé orí afẹ́fẹ́ lónìí ni àdúrà Tíṣà fúnra rẹ̀, ìgbà tí a bá ti kàwé, tí a bá ti kọrin, tí a bá ti di ojú.

Bàbá wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí oúnjẹ bá dùn, á jẹ ẹ́ tán. Bí ọmọ bá ṣe ipò kìíní, á wo káàdì náà, á fọwọ́ sí i, á ní, "Ìwọ tún múra." Mi ò rántí ọjọ́ kan tó wo ojú ìyá wa tó ní ẹ ṣeun tàbí ẹ má bínú. Bí ó bá kúnlẹ̀ ní ìdájí nìkan ni ahọ́n rẹ̀ ń tú. Á ní, "Olúwa, a dúpẹ́ fún obìnrin tó fi owó aṣọ rẹ̀ san owó ilé-ìwé ní sáà yìí, nígbà tí ìjọba ò tíì san owó oṣù fún ìránṣẹ́ rẹ." Àwa ọmọ á yọjú láàárín ìka, a ó wo ìyá wa. Kò ní ṣí ojú. Àmín rẹ̀ ni yóò kàn dún ju ti gbogbo wa lọ.

Ìgbà kan wà tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Oúnjẹ ń dé orí tábìlì, omi ìwẹ̀ ń dé ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rọ̀ ni kò sí. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, Tíṣà gbàdúrà fún gómìnà, ó gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Bí ìránṣẹ́ rẹ bá sì sọ ọ̀rọ̀ tó le lálẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tí inú ń bí i, kí Olúwa bá a bẹ ẹni tó sọ ọ́ fún." Gbogbo wa ṣe Àmín. Ìyá wa ò ṣe é. Tíṣà ò sì dìde. A wà lórí eékún. Láńtánì ń jó. Àkùkọ kọ nílé kejì. Ó pẹ́ kí ohùn kan tó ti apá ibi ìjókòó àwọn obìnrin wá, jẹ́ẹ́jẹ́: "Àmín." Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹyin méjì ló wà lórí iṣu Tíṣà.

L'Ábẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859, kí ẹnikẹ́ni tó ní ìwé ìròyìn Yorùbá níbòmíràn. Àwa ní ìwé ìròyìn tiwa nílé, kì í pa ọjọ́ kan jẹ. Inú àdúrà Tíṣà la ti gbọ́ pé àwọn kan ti wá tọrọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin. Ibẹ̀ ni Bùrọ̀dá àgbà ti mọ̀ pé Tíṣà ti rí èsì ìdánwò tó kì bọ abẹ́ ẹní. Kò sẹ́ni tí Tíṣà ń dárúkọ. "Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ" ló máa ń sọ, ẹni tọ́rọ̀ kàn á sì mọ ara rẹ̀.

Apá kejì àgbàlá wa, ilé Bàbá Àlájì ni, àbúrò Tíṣà, ọmọ ìyá kan náà, tó ti gba Ìsìláàmù nígbà tó ń ṣòwò n'Íbàdàn. Bí ààwẹ̀ bá ti dé, àwọn ló máa ń ṣáájú agogo Tíṣà jí. Èmi àti Àlàbá tó tẹ̀ lé mi á yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé, a ó bá àwọn ọmọ wọn jẹ sààrì, àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ilá gbígbóná, a ó sì sáré padà sórí ẹní kí agogo tó dún. Ní ọjọ́ kan, Àlàbá gùnfẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé dákẹ́ fún àdúrà ọkàn. Tíṣà ní, "Olúwa, a tún fi àwọn tó ti jẹun kí wọ́n tó dúpẹ́ lé ọ lọ́wọ́." Ní Iléyá, itan àgbò á ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ní Kérésìmesì, ìrẹsì àti adìyẹ á ti ọ̀dọ̀ wa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a ṣe ń pín adìyẹ kan sí ọ̀nà mẹ́tàdínlógún, ìwe fún Tíṣà, ẹsẹ̀ àti orí fún àwa kéékèèké, mi ò mọ ohun tó ń kù láti gbé lọ. Bàbá Àlájì kì í sì í pa ìkórè wa jẹ. Á jókòó lẹ́yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, á dúró de gbàǹjo, á sì fi iṣu kan ṣoṣo bá àwọn ọlọ́lá ìjọ du títí owó iṣu náà á fi tó ra odindi oko.

Ìyá Àgbà ní ìtàn kan tó máa ń sọ lálẹ́, bí ẹni pé ìdílé wa ló ṣẹlẹ̀ sí. Ìtàn Àjàyí ọmọ Òṣogùn ni, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó di Crowther ní Sàró. Ní 1846, l'Ábẹ́òkúta wa yìí, òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, tún fojú kan ara wọn. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n! Ní 1848, wọ́n ṣèrìbọmi fún ìyá náà, orúkọ rẹ̀ di Hannah. Àwọn olùkọ́ wa nílé-ìwé ọjọ́ ìsinmi máa ń fẹ́ ká sọ pé Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ìyá Àgbà kì í débẹ̀. Ibi tí ìyá àti ọmọ ti di ara wọn mú tí wọn ò rí ọ̀rọ̀ sọ ló máa ń dúró sí, á máa fi etí aṣọ nu ojú. Bí a bá ní kí ni ìyá náà wá sọ nígbà tó sọ̀rọ̀, á ní, "Kí lẹ tún fẹ́ kó sọ?"

Mo ṣèlérí ọ̀rọ̀ ọwọ́ aláró, ẹ jẹ́ kí n tètè dé e.

Ọwọ́ ìyá wa ti rẹ aró dé ọrùn ọwọ́. Kì í ṣí. Ọṣẹ ò mú un, ọsàn wẹ́wẹ́ ò mú un. Bó ṣe ń tẹ́ ẹ síwájú àlùfáà láti gba àkàrà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nìyẹn, tí àwọn ìyá tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun á máa wò ó. Nígbà tí mo dáyé, púpọ̀ nínú àwọn aláró Ìtòkú ti ń lo sódà àti aró òyìnbó. Ìyá wa náà ń lò ó, ṣùgbọ́n ó fi ìkòkò méjì sílẹ̀ fún èlú àti omi eérú, fún àwọn oníbàárà tó mojú aṣọ. Àwọn aláró ayé àtijọ́ ń bọ Ìyá Màpó. Ìyá wa ní òun ò bọ nǹkan kan, Orin Dáfídì lòun ń kà sí ìkòkò. Síbẹ̀ kò gbà kẹ́nikẹ́ni jà nítòsí rẹ̀, nítorí ó ní aró ń gbọ́.

Ó di ìkórè 1976. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Tíṣà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àpò ìwé ìkórè, ó fúnra rẹ̀ kọ orúkọ wa sí i, ó fi náírà kan kọ́bọ̀-kọ́bọ̀ sínú rẹ̀. Mo yọ ọgbọ̀n kọ́bọ̀ nínú tèmi. Bọ́ọ̀lù rọ́bà ni mo fi rà, pupa fòò. Níbo ni mo fẹ́ fi í pamọ́ sí nínú ilé tí ẹni mẹ́tàdínlógún ń gbé? Mo sọ ọ́ sínú ìkòkò kan ní ìsọ̀ ìyá wa, èyí tí mo rò pé ó ṣófo. Mo gbọ́ tó ní "jọ̀bọ̀." Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, mo fà á jáde. Mo wo ọwọ́ mi, àwọ̀ ewé ni, ó fẹ́ jọ omi ewédú. Mo ní ọpẹ́ o, kì í ṣe aró. Ẹ̀yin aláró tí ẹ ń gbọ́ mi ti ń rẹ́rìn-ín. Èlú kì í fi ara rẹ̀ hàn nínú ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kó dúdú. Kí n tó dé ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ mi ti di ti ìyá mi.

Mo fi yẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́. Mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Ní ìdájí ọjọ́ kejì mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan, mo wólẹ̀ bí ẹni mímọ́. Tíṣà gbàdúrà fún ìkórè, pé kí òjò má rọ̀. Ó wá ní, "Olúwa, ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá dúdú nínú ilé yìí, fọ̀ ọ́." Gbogbo ilé ṣe Àmín, ìyá wa sì la ojú. Ó ní, "Tíṣà, èmi ńkọ́? Ṣé kí n má lọ sọ́jà mọ́ ni?" Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí bàbá mi tó rẹ́rìn-ín lórí eékún nìyẹn.

Wọ́n rí ọwọ́ mi, wọ́n rí bọ́ọ̀lù. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ló fún mi. Mo ka orin Ìdòwú ní Sátidé, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn. Ní ọjọ́ Àìkú kejì ìkórè, akọ̀wé ìjọ dìde láti ka orúkọ àti iye tí oníkálukú dá. Ó ka Bùrọ̀dá, ó ka àwọn ìbejì. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Ó ní, "Ìdòwú, náírà kan." Mo yíjú wo ìjọ. Kò sẹ́ni tó wò mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé Ọlọ́run ń ṣe iṣẹ́ ìyanu, nítorí mo mọ iye tó wà nínú àpò ìwé yẹn.

Tíṣà ti lọ sinmi. Ìyá Àgbà ti ṣáájú rẹ̀. Àwa mẹ́sàn-án wà láàyè, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ìbejì wà ní Peckham, Àlàbá wà ní Houston, àbíkẹ́yìn wà l'Ékòó. Orí fóònù la ti ń ṣe àdúrà ìdílé báyìí, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kò ṣeé kọrin níbẹ̀. Bí Houston bá wà ní ẹsẹ kejì, Peckham á ṣì wà ní ìparí èkíní. Ìyá Àgbà ì bá sọ pé ohùn òun ló jàre. Ìyá wa, tó ti sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ló ń ṣe àdúrà ìkẹyìn. Nígbà tí Tíṣà wà, kì í gbàdúrà sókè. Bó ṣe wá bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wa rí i pé ọ̀nà Tíṣà náà ló gbà, àfi pé òun ń dárúkọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo sọ fún wọn pé wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ilé wa lórí rédíò. Inú wọn dùn. Ìyá wa gbàdúrà fún gbogbo àgbáyé, ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ-ọmọ. Ó wá ní, "Olúwa, Ìdòwú ń lọ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ìwọ mọ̀ pé èmi ni mo bá wọn ka owó ìkórè lọ́dún yẹn. Jẹ́ kó rántí sọ ti ọgbọ̀n kọ́bọ̀ tí mo fi kún un."

Gbogbo fóònù dákẹ́. Àmín ti Houston ló kọ́kọ́ wọlé. Ti Peckham tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín ló wá gba ibi tó kù.

Màmá, ẹ ń gbọ́ mi? Mo ti sọ ọ́ o.

(Ìró agogo, ẹ̀ẹ̀kan.)